Ara Ta Ni? Ìgbàgbọ́ àti Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣe Ara Rẹ̀ Léṣe

Ṣíṣe ara ẹni léṣe ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dá ọgbẹ́ tàbí ìrora sí ara rẹ̀ nígbà tí kì í ṣe ikú ló ń wá. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún 12 sí 14, nígbà tí ara ọmọ ń yí padà, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tí ì mọ bí a ṣe ń gbé ẹrù tó wúwo. Àyẹ̀wò kan tó kó àwọn ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ní 2014 rí i pé nǹkan bí ọ̀dọ́ 17 nínú 100 ló ti ṣe é rí. Kò yọ ọmọ olówó sílẹ̀, kò yọ ọmọ tálákà sílẹ̀. Ọmọ tí kì í dé ilé ìjọsìn ń ṣe é, ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin náà ń ṣe é.

Ní ìpínlẹ̀ Texas, ìletò kékeré kan wà tí ń jẹ́ Floyd, ní Hunt County, níhà àríwá ìlà-oòrùn Dallas, lójú ọ̀nà tó lọ sí Greenville. Ibẹ̀ ni ìjọ Redeemed Christian Church of God, tí Josiah Akindayomi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, kọ́ àgọ́ rẹ̀ fún Àríwá Amẹ́ríkà sí. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2013 gba nǹkan bí 10,000 ènìyàn, àwọn ìdílé Yorùbá sì máa ń kó ọmọ wọn wá sí àpéjọ níbẹ̀ láti Dallas, láti Houston àti láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá fi òǹkà 17 nínú 100 yẹn wò ó, kò sí àpéjọ ọ̀dọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ní Floyd tàbí níbòmíràn, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí, tí ọmọ tó ń fi àpá pamọ́ sábẹ́ aṣọ kò ní sí níbẹ̀. Ohun tí ìgbàgbọ́ bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti fún òbí rẹ̀ lè yọ ọ́ nínú ewu, ó sì lè dá kún ọgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló sábà máa ń jáde: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣé ẹ̀mí àìmọ́ ni, àbí àìsàn? Ìbéèrè kan wà lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú: ta ló ni ara?

Ohun tó wà nídìí rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀sìn dá ọ̀rọ̀ yìí lẹ́jọ́, ó yẹ kó mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn méjì, Matthew Nock àti Mitchell Prinstein, to ìdí tí ọ̀dọ́ fi ń ṣe ara rẹ̀ léṣe sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni láti mú kí ìdààmú tó kún inú rọlẹ̀: ìbínú, ìbànújẹ́, ẹ̀rù, ìtìjú. Èkejì ni láti lè mọ nǹkan kan lára, nígbà tí inú bá ti dá páropáro tí ayọ̀ kò wọlé, tí ẹkún kò jáde. Ẹ̀kẹta ni láti jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹ̀kẹrin ni láti bọ́ lọ́wọ́ ohun tí agbára òun kò ká. Ti àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Àtúnyẹ̀wò ìwádìí tí David Klonsky ṣe ní 2007 fìdí èyí múlẹ̀. Ó tún rí i pé ọ̀pọ̀ ń fi ìyà jẹ ara wọn nítorí pé wọ́n kórìíra ara wọn.

Bó ṣe ń yí po nìyí. Ìdààmú á kún, ọmọ kò ní rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Ìrora ara á gba ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ìrora inú fún ìgbà díẹ̀, ara á tù ú. Kò ní pẹ́ tí ìtìjú yóò dé, tí ẹ̀rù pé wọ́n lè rí i yóò dé, inú á sì tún kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí èébú àti ẹgba kì í fi í dá a dúró: ìtìjú tí ìbáwí ń dá sílẹ̀ ni epo tí iná náà ń jó.

Àṣìgbọ́ méjì ló gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé ọmọ náà kàn fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo òun ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fi pamọ́ fún oṣù, fún ọdún, kódà fún ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Èyí tó sì jẹ́ kí ènìyàn rí i, ìrànwọ́ ló ń tọrọ, ọ̀nà mìíràn láti tọrọ rẹ̀ ni kò mọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé gbogbo ẹni tó ń ṣe é ló fẹ́ kú. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ń ṣe é kí wọ́n lè rọ́nà gbé ọjọ́ náà já. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe wà nínú ewu àtipa ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìpayà bá ọmọ náà lò.

Àpá tí àwùjọ dá àti àpá tí ọmọ dá fún ara rẹ̀

Yorùbá kì í ṣe àlejò sí ọgbẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá sára. Abàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ wà lójú àwọn baba ńlá. Ṣùgbọ́n oníkọlà ló ń kọ ọ́, níṣojú ẹbí, kí ayé lè mọ ilé tí ọmọ ti wá. Ní 1987, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan, Armando Favazza, tẹ ìwé jáde tó fi ìyàtọ̀ sáàárín irú àpá bẹ́ẹ̀, tí àṣà fọwọ́ sí, àti èyí tí ènìyàn dá fún ara rẹ̀ nítorí ìdààmú ọkàn. Ilà ń sọ pé ọmọ yìí ní àwọn ènìyàn. Ọgbẹ́ tí ọ̀dọ́ dá fún ara rẹ̀ ní kọ́lọ́fín sábà máa ń sọ pé ó dá wà, àní bí ilé bá kún fún ènìyàn. Ilà pàápàá ti kásẹ̀ nílẹ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka fífín àti kíkọ ara ọmọdé léèwọ̀.

Ẹ̀sìn náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, àwọn wòlíì Báálì ń ya ara wọn lọ́gbẹ́ kí òrìṣà wọn lè dáhùn, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Léfítíkù àti Diutarónómì kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti máa ya ara wọn nítorí òkú. Ní 1349, Póòpù Clement Kẹfà dẹ́bi fún àwọn tó ń na ara wọn ní pàṣán káàkiri Yúróòpù nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ní 1994, Ayatollah Ali Khamenei ti Ìráànì ka fífi idà ya orí nígbà ìrántí Àṣúrà léèwọ̀. Ẹ̀sìn kò sì yọ ọ̀nà ìfaradà kúrò. Ààwẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí wọ́n dé ni pé ọgbẹ́ ara kọ́ ni ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí na ọmọ ọdún 13 tó wà ní yàrá rẹ̀ lóru gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìjọsìn àti ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ yìí kò jọ́sìn fún ẹnì kankan, kò sì ṣọ̀fọ̀ òkú. Ìrora ń jà nínú rẹ̀ ni. Kí a ṣí ẹsẹ Bíbélì lé e lórí láì béèrè ohun tó ń dùn ún, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òtítọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ di òkúta lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Ta ló ni ara?

Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá àtijọ́, Ọbàtálá ló mọ ara, Àjàlá ló mọ orí, Olódùmarè ló mí èémí sínú rẹ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn ti dá ara rẹ̀. Nínú Ìsìláàmù, àmánà ni ara jẹ́, ohun tí Ọlọ́run fi síkàáwọ́ ẹni, Kùránì sì kìlọ̀ kí ènìyàn má fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú ìparun. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara, pé onígbàgbọ́ kì í ṣe ti ara rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, Thomas Aquinas fi ìdí mẹ́ta kọ pípa ara ẹni: ó lòdì sí ìfẹ́ tí gbogbo ẹ̀dá ní sí ara rẹ̀, ó ṣe àwùjọ tí ènìyàn jẹ́ apá kan rẹ̀ léṣe, ó sì gba ẹ̀bùn Ọlọ́run lọ́wọ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọmọ ni a sábà máa ń di gbogbo ẹ̀kọ́ yìí lé: ara rẹ kì í ṣe tìrẹ, nítorí náà o jẹ̀bi. Ẹ̀kọ́ náà gùn ju ibẹ̀ lọ. Bí ara ọmọ bá jẹ́ ti Ọlọ́run, ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ti di olùtọ́jú ohun Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ti àwùjọ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí Aquinas ti wí, àwùjọ kò lè gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ kó sì kọ gbèsè ìtọ́jú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kan náà tó sọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì ló sọ nínú ìwé kan náà pé bí ẹ̀yà ara kan bá ń jìyà, gbogbo ara ló ń bá a jìyà. Ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run ló ni ara, ẹrù ló kọ́kọ́ dì lé òbí, alàgbà àti olùṣọ́-àgùntàn lórí, kó tó di ẹjọ́ tí a lè pe ọmọ sí. Ọgbẹ́ tí a bá rí lára ọmọ, ìbéèrè ló ń bi àwọn tó yí i ká: ta ló mọ̀ pé nǹkan ń dun ọmọ yìí?

Ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí ẹ̀mí àìmọ́?

Àwọn ẹ̀sìn fúnra wọn ti mọ̀ pé ọkàn tó dàrú kì í ru ẹ̀bi bí ọkàn tó pé. Kátíkísìmù Ìjọ Kátólíìkì, tó jáde ní 1992, sọ nípa ẹni tó pa ara rẹ̀ pàápàá pé ìdààmú ọkàn tó le, ẹ̀rù ńlá tàbí ìjìyà lè dín ẹ̀bi rẹ̀ kù. Hádíìsì kan sọ pé a ti gbé gègé tó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí yóò fi padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀bi bá lè fúyẹ́ lórí ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kò yẹ kó wúwo lórí ọmọ tó ń wá ọ̀nà láti má kú. Ní ti ìwúlò, ẹ̀bi tún léwu: ọmọ tó ti ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀ torí pé ó gbà pé ènìyàn burúkú ni òun kò nílò ẹlẹ́rìí míì.

Ní ti ẹ̀mí àìmọ́, ìtàn tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń tọ́ka sí wà ní orí karùn-ún Ìhìnrere Máàkù: ọkùnrin kan tó ń gbé láàrin ibojì, tó ń fi òkúta ya ara rẹ̀, tó ń ké tọ̀sán-tòru. Ẹni tó gba ìtàn náà gbọ́ bí ó ti wà gan-an yẹ kó ka gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ìlú ti fi ẹ̀wọ̀n dè é, kò ṣiṣẹ́. Jésù béèrè orúkọ. Nígbà tí ara ọkùnrin náà balẹ̀, aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó. Ó fẹ́ tẹ̀ lé Jésù kiri, Jésù ní kó padà sílé sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbéèrè, aṣọ àti ilé ló wà nínú ìtàn náà. Ẹni tó bá mú un di ẹgba, ààwẹ̀ tipátipá tàbí kí a de ọmọdé mọ́lẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sípò àwọn tó gbé ẹ̀wọ̀n wá.

Ìtàn méjì míì tún lè ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí Èlíjà jókòó sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, oorun ló kọ́kọ́ rí, áńgẹ́lì sì fún un ní oúnjẹ àti omi lẹ́ẹ̀mejì, kí Ọlọ́run tó bi í ní ìbéèrè kankan. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìrora rẹ̀ pọ̀. Ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n bà á jẹ́.

Àdúrà àti ìtọ́jú

Ìgbàgbọ́ àti ìtọ́jú ìṣègùn kò ní láti bá ara wọn jà. Marsha Linehan, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní Yunifásítì Washington, ló ṣẹ̀dá ìtọ́jú tí a mọ̀ sí DBT. Ní 2011, ó sọ ní gbangba pé òun náà ṣe ara òun léṣe nígbà èwe, tí wọ́n fi òun sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, àti pé níbi tí òun ti ń gbàdúrà nínú ilé ìsìn Kátólíìkì kan ní Chicago ní 1967 ni òun ti wá mọ̀ pé òun fẹ́ràn ara òun. Kò dúró síbẹ̀. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó sì wá ọ̀nà tí ẹlòmíràn náà lè kọ́. Nínú DBT, olùtọ́jú á kọ́kọ́ gbà pé ìrora náà kì í ṣe irọ́, lẹ́yìn náà á kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fara da ìdààmú láìdá ọgbẹ́, bí a ṣe ń pe ohun tó wà nínú ní orúkọ, àti bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2018 lórí àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ewu àtipa ara wọn rí i pé ó dín ṣíṣe ara ẹni léṣe kù ju ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e lọ.

Yorùbá náà ní àpẹẹrẹ tiwọn. Láti 1954, ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, Thomas Adeoye Lambo ṣètò kí àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ìwòsàn ọkàn ń yá kíákíá níbi tí aláìsàn kò ti di àlejò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjọ àti ẹbí ní Dallas lè jẹ́ irú abúlé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́, bí wọ́n bá jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ilé Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀rù tí òbí mú wá láti ilé ń dá ìtọ́jú dúró. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún, ní apá 327, ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún kan wá. Èkó ti yí tirẹ̀ padà ní 2011, kí ilé ẹjọ́ lè rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kìíní 2023, Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958. Síbẹ̀, ìtìjú kò tíì tán. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n òwe tí a fi ń kọ́ àgbà láti hùwà ọmọlúàbí kò yẹ kó di ohun tí ọmọ ń gbọ́ nígbà tó bá wà nínú ìrora.

Ọmọ tó dàgbà ní Texas ń gbé ayé méjì pọ̀. Ní ilé ìwé, wọ́n ní kó sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ní ilé, kó má dá àgbà lóhùn. Ó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ó mọ iye tí wọ́n ná kí òun lè wà níbẹ̀, ó sì lè máa rò pé ẹni tí wọ́n jìyà fún tó bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bánú jẹ́. Ìhàlẹ̀ pé wọn yóò rán an padà sí Nàìjíríà, tí òbí máa ń fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ, lè dà bí ìkọ̀sílẹ̀ létí rẹ̀. Ìpalára, ìfìyàjẹ ẹlẹgbẹ́ ní ilé ìwé, ìfipábánilòpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ náà lè wà nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ àfi ẹni tó béèrè.

Bí a ṣe ń ràn án lọ́wọ́

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí òbí tàbí aṣáájú ọ̀dọ́ bá rí ọgbẹ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ló kàn. Kí ó tọ́jú ọgbẹ́ náà. Bí ó bá jinlẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kúrú: «Mo rí i pé ó ń dùn ọ́. Mi ò bínú. Mo wà níbí, mo fẹ́ gbọ́.» Lẹ́yìn náà, kí ó gbọ́, láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Kí ó béèrè ní tààrà bóyá ọmọ ń ronú láti kú. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó sábà máa ń tù ú lára. Kí òògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ohun tí kò yẹ: igbe, ẹgba, títú ara ọmọ wò tipátipá, gbígba foonu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyà, tàbí fífi dandan lé e pé kó ṣèlérí pé òun kò ní ṣe é mọ́. Ìlérí tí kò lè mú ṣẹ yóò kọ́ ọ láti túbọ̀ fi í pamọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà ọmọdé, olùdámọ̀ràn ilé ìwé tàbí dókítà ọpọlọ. Òfin ìdílé ní Texas gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti fúnra rẹ̀ gba ìmọ̀ràn olùdámọ̀ràn nítorí dídènà ìpara-ẹni tàbí nítorí ìlòkulò. Láti ọjọ́ 16 oṣù Keje 2022, ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà lè pe 988 tàbí kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, tọ̀sán-tòru. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, 911 ni.

Olùṣọ́-àgùntàn àti ìmáàmù ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n mọ àwọn olùtọ́jú tí wọ́n lè fi ọmọ hàn kí ọjọ́ tó burú. Kí wọ́n gbàdúrà fún un bí ó bá fẹ́, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú òbí tàbí àgbà mìíràn nítòsí. Kí wọ́n má gbé e síwájú ìjọ láti jẹ́rìí, kí wọ́n má sì sọ pé kó dáwọ́ ìtọ́jú dúró láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Àṣírí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, àfi níbi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí tí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́: ní Texas, òfin ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fura pé wọ́n ń lo ọmọdé nílòkulò fi tó ìjọba létí, kò sì yọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀. Ó yẹ kí a ti sọ èyí fún ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tinú rẹ̀, kó má bàa rò pé a dà á.

Ìwòsàn kì í lọ ní tààrà. Ọmọ lè dúró fún oṣù mélòó kan kó tún padà sí i. Ìpadàsẹ́yìn yẹn kò sọ iṣẹ́ tí a ti ṣe di òfo, ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí a jọ wá. Àpá lè wà lára títí ayé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ṣe àríwísí. Ìrètí wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìwádìí kan ní Ọsirélíà tó tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ títí wọ́n fi dàgbà, tó jáde ní 2012, rí i pé nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe nígbà èwe ló ti ṣíwọ́ nígbà tí wọ́n di géńdé. Ìwádìí náà tún rí i pé ìbànújẹ́ àti àníyàn tó le máa ń bá a rìn. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi ìrètí yìí ṣe àwáwí láti dúró. Ìdààmú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nílò ìtọ́jú nísinsìnyí, láti ọwọ́ àwọn tó sọ pé Ọlọ́run ló fi ọmọ náà sí ìkáwọ́ wọn.